Rúkà, Má Tún Sún Ọjọ́ Náà Síwájú

Agboolé wa, Ìkirè.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àìlà.

Rúkáyátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá o wà dáadáa, nítorí mo ti mọ̀ pé o ò wà dáadáa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ sí i, kí àwa méjèèjì lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

O ṣubú ní ọ́fíìsì lóṣù tó kọjá, o ní ilẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Akọ̀wé rẹ tó gbé ọ dìde mọ̀ pé ilẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ kọjá ti nǹkan oṣù, débi pé aṣọ dúdú nìkan lo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Dírẹ́bà tó ń gbé ọ mọ̀, òun ló ń fọ àga ọkọ̀.

Dókítà yẹ̀ ọ́ wò, ó ní ìju ló wà nínú ilé ọmọ rẹ, ó sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ọ. O sún ọjọ́ náà síwájú nítorí pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Èkó. Ó dá ọjọ́ mìíràn, o tún sún un, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe mánéjà, o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé obìnrin tí wọ́n gbé sípò ti lọ dùbúlẹ̀. Ọkọ rẹ mọ̀.

Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, mo ní ojú rẹ funfun, o ní ibà ló ṣe ọ́. Akọ̀wé mọ̀, dírẹ́bà mọ̀, dókítà mọ̀, ọkọ mọ̀. Ẹni tó bí ọ ló gbẹ̀yìn.

Ó ti rẹ̀ mí, Rúkà. Kì í ṣe iṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí pé ohun kan náà ni mo tún ń fojú mi rí lẹ́ẹ̀kejì.

Múfútáù ọkọ rẹ ló sọ fún mi. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ṣèlérí. Àná ló wá, òun nìkan, ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wa ni. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, ó ń yí òkèlè kan ṣoṣo káàkiri inú ọbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe béèrè rẹ, ìyìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ibi iṣẹ́ yín ló ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní o kì í jókòó ní mítíìnì mọ́, pé ìdúró lo fi ń darí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àwọn ọkùnrin abẹ́ rẹ fi ń sọ pé àwọn ò rí obìnrin tó le báyìí rí.

Mo gbé ìgbakọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Múfútáù, láti ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ìyàwó ẹ?"

Ó ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

Mo ní, "Ìwọ ni, nísinsìn-ín."

Ọkọ rẹ sunkún nínú pálọ̀ mi, àgbà ọkùnrin. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó ní òun ti bẹ̀ ọ́ títí ó fi sú òun, pé o kìlọ̀ fún òun pé ọjọ́ tí òun bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà ni ẹ̀yin méjèèjì máa dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí mo ti rí ìbéèrè yẹn. Èmi náà ti jẹ́ obìnrin tí kì í jókòó rí.

O kéré nígbà náà. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àpòmù ni, níbi tí bàbá rẹ ti ń ṣe tíṣà. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, gbogbo èèyàn sì rò pé báńkì ni mo máa wọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn ìyá tó ń dín dòdò ní Ìkirè ńbí, àwọn ẹgbẹ́ ìyá tó bí mi. Oníkálukú ló ń dá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, oníkálukú ló ń dá ra epo, oníkálukú ló ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò lójú títì. Ojú mi ò gbà á. Mo pè wọ́n jọ. Mo ní ká jọ máa rà á, ká jọ máa kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ká máa dì í sínú ọ̀rá tó mọ́ kí èrò lè gbé e délé láìfi epo ba aṣọ jẹ́.

Ìyá kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ìwé kì í dín dòdò o. Iná ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá ara wọn léjìká. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo ní, "Òótọ́ ni, ìyá. Ṣé iná ló máa bá yín gbé e dé Èkó?" Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe alága. Gbọ̀ngán pè mí, Ararọ̀mí-Òwu pè mí, pé kí n wá la àwọn obìnrin wọn lóye. Bí mo bá gba máìkì, ariwo á rọlẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo máa ń ró aṣọ bíi mélòó kan sínú kí n tó ró ìró tí ayé ń rí. Bí mo bá dé ibi ìpàdé, wọ́n á gbé àga tó dára jù fún mi, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí. Mi ò ní jókòó. Ẹ̀rù ohun tí màá fi sílẹ̀ lórí aṣọ náà bí mo bá dìde ló ń bà mí. Àwọn obìnrin á ní, "Ẹ wo Ìyá Rúkà, kì í rẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Ìbàdí mi ń já, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi, èyí ló burú jù níbẹ̀. Ó dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ ju ara mi lọ.

Nígbà tó yá, ikùn mi yọ. O ti ń lọ síléèwé láìní àbúrò, gbogbo ilé ọkọ mi ní Àpòmù ló sì ti ń fojú wá ikùn mi. Bí wọ́n ṣe rí i, inú wọn dùn. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin lọ ra fìlà ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. O mọ ilé wa, a kì í bi ìyàwó bóyá ó lóyún, ojú la fi ń rí i, a ó sì máa ṣe àdúà sí i lábẹ́lẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń rò ó, mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Alága tó lóyún, iyì ni. Alága tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kí ni wọ́n máa pe tiẹ̀? Bàbá rẹ mọ̀. Mo ní kó má sọ, kò sì sọ. Tí mo bá fẹ́ bínú sí i, mo máa ń rántí pé èmi ni mo dì í lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ààwẹ̀ fi wọlé. Obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í kírun, kì í sì í gbààwẹ̀, àwọn obìnrin tó kù á sì rí i pé kò sí lórí ẹní. Tí n kò bá dìde kírun, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà lára mi. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára mi, oyún wo ni wọ́n wá ń ṣe àdúà sí? Ni mo bá ń kírun lọ. Ní ìrun kọ̀ọ̀kan ni mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá, màá sì tún dìde fún èyí tó kàn. Mo gbààwẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìyá ní, "Ìyá Rúkà, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aboyún, ẹ jẹun." Mo ní mo lágbára.

Ọjọ́ Àìkú kan, níbi asalátù, gbogbo wa wọ funfun. Mo forí kanlẹ̀, mi ò lè gbé e mọ́. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n yí mi padà, àwọn kan sá sẹ́yìn. Wọ́n ń ké pé oyún ti bàjẹ́. Oyún tí kò sí, wọ́n sunkún rẹ̀.

Ní ọsibítù n'Íbàdàn, dókítà sọ fún bàbá rẹ pé ká ní a ti tètè wá ni, ìju nìkan ni òun ì bá yọ. Ó ti pẹ́ jù. Ó yọ ìju, ó sì yọ ilé ọmọ mọ́ ọn, kí n má baà kú.

Ìdí tí o ò fi ní àbúrò nìyẹn. Mo gbọ́ nígbà kan tí ò ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ọ̀làjú ni ìyá rẹ, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo kí òwò má baà dúró. Nígbà tí o bínú sí mi lọ́jọ́sí, o ní mo fi dòdò ṣáájú ọmọ. Mi ò dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o rò pé mo yàn án, ju kí o mọ̀ pé mo fi ọjọ́ falẹ̀ títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, wá jókòó tì mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Mo ti múra de èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ ìbora mi, wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń rí ọ lódò tí ò ń dá fọ ìró kí àwọn tó kù tó jí ni mo ti mọ̀ pé kò sí oyún. Mo rò pé o ò fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ni mo bá ń bá ọ ṣe àìmọ̀."

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Wọ́n ní, "Ìwọ tí gbogbo ìlú ń fetí sí? Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì dà nínú mi títí dòní. Èmi rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Àwọn náà ń fi mímọ̀ wọn pamọ́ fún mi, nítorí pé mo ga jù lójú wọn. A jọ ń gbé inú ilé kan, a jọ ń wo ìju kan tó ń dàgbà, a sì ń kí ara wa káàárọ̀.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ bá Alfa wa pé kó sọ bí n ó ṣe tọrọ àforíjì lórí àwọn ìrun tí mo fi ẹ̀jẹ̀ kí. Alfa gbọ́ mi tán, ó ní ẹ̀jẹ̀ àìsàn yàtọ̀ sí nǹkan oṣù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àìsàn bá ń dà lára rẹ̀ á wẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kí ìrun rẹ̀. Aláìsàn á sì jẹun, á san ààwẹ̀ padà tí ara rẹ̀ bá yá. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò béèrè?" Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo gbé kiri bí ẹrù wúwo, kò fìgbà kankan sí nílẹ̀. Èmi tó ń kọ́ odidi ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, mi ò lè bi Alfa ní ìbéèrè kan.

Ó tó. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Màá fi nọ́ńbà sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Ìkíní. Bí àwọn èèyàn bá ń yìn ọ́ sí ohun tí ìrora ló ń mú ọ ṣe, má gba ìyìn náà. Kò ṣe ọ́ láǹfààní. Ẹni tó ń yìn ọ́ ò burú, kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀. Tí o bá gbà á lónìí, ọ̀la ni wàá máa wá bí o ṣe máa ṣe é kí o tún gbà á. Àga wà ní ọ́fíìsì rẹ. Bí nǹkan bá dà sí i, omi àti ọṣẹ ń bẹ.

Èkejì. Ipò rẹ. Mo mọ̀ pé ò ń rò pé tí o bá dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ọkùnrin kan síbẹ̀, kò ní dìde mọ́. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ayé ń ṣe dáadáa sí obìnrin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá dúró nígbà tí ẹnì kan ò sí, ẹni tó ń darí rẹ̀ ni kò tíì tò ó dáadáa. Ta ni igbákejì rẹ? Tí o bá ní i, fà á lé e lọ́wọ́. Tí o ò bá ní i, àṣìṣe tìrẹ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ yìí sì ni wàá tún un ṣe. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, àwọn oní dòdò kó ọjà wọn lọ sí Èkó láìsí mi. Ó dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa jù lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta. Jẹ́ kí Múfútáù sọ̀rọ̀. Má ṣe fún un ní ohun tí mo fún bàbá rẹ gbé. Títí di òní, bí asalátù bá ń lọ lọ́wọ́, bàbá rẹ kì í lè jókòó sílé. Á máa rìn kiri ìta mọ́sálásí títí a ó fi jáde, á ní atẹ́gùn lòun ń gbà. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó dákẹ́ lórí àìsàn tó fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀, nǹkan kan ń kú lára òun náà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí mo sì mọ̀, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ti ba èmi náà rí. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé tí o bá jí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n á sọ fún ọ pé o ò lè bímọ mọ́. Dókítà ti sọ fún ọkọ rẹ pé bí ìju náà ṣe wà báyìí, òun lè yọ ọ́ kí òun sì fi ilé ọmọ sílẹ̀. Ó ní bó bá tún dàgbà sí i, òun ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ tí ò ń sún síwájú kò dáàbò bo ọmọ tí o fẹ́ bí. Òun ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì wọ inú ibẹ̀ tí wọ́n rí i pé àfi kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, kí o jí sáyé ni mo fẹ́. Ìwọ ni mo bí. Mi ò bí ọmọ-ọmọ kankan tí màá fi ọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún wà tí mo fẹ́ kọ, ó ti lọ lọ́kàn mi. Bóyá kò ṣe pàtàkì.

Mi ò ní kí o lọ kéde ara rẹ fún gbogbo ọ́fíìsì. Òótọ́ ni pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ò sá rárá, bíbu ló ń bu. Wá èèyàn bíi mélòó kan tí o lè sá a síwájú wọn. Kí èmi jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi kí n tó bí ọ, mo sì rò pé àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Bí ètò ṣe lọ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà tún fún ọ. Mo ti ní kí Múfútáù lọ sọ fún wọn pé ò ń bọ̀, kò sì gbọdọ̀ lọ dá a dúró bí o tilẹ̀ ní kó lọ. Lọ́la, kí o kọ̀wé gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Kọ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni, má kọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ní Ọjọ́rú, kí o jókòó pẹ̀lú igbákejì rẹ, kí o fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú ni màá wọ Ìbàdàn pẹ̀lú ẹrù mi, màá sì wà lọ́dọ̀ rẹ títí o fi lè gbé korobá omi.

Súlè, awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá, máa padà wá sí ọ́fíìsì rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ìwé pélébé ni kí o fún un, kí o fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé o máa wà ní ọsibítù ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ó tó mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó pe ìrun màgáríbì. Má ṣe kọ àlàyé sí i. Má ṣe kọ "àmọ́".

Tí Súlè bá dé lọ́wọ́ òfo, ní àárọ̀ Jímọ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì yín, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí máígàádì máa rí. Màá sọ fún un pé ìyá mánéjà ni mí, mo wá mú ọmọ mi lọ sí ọsibítù. Tó bá béèrè pé kí ló ń ṣe ọ́, màá sọ fún un.

Yàn èyí tó wù ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, kí wọ́n tó pe ìrun màgáríbì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámátù.